Lísáǹsì ti bọ́ sọ́wọ́, Kétu ń bi ọ́ pé ó ku kí ni: bí wàá ṣe mú ọ̀nà kan

Ọ̀sẹ̀ tí mo kó ẹrù mi kúrò ní Kalaví, níbi tí yunifásítì wà lẹ́bàá Kùtọnu, padà sí Kétu, kò sí ẹni tó kí mi kú oríire tí kò fi "ó wá ku kí ni?" tì í. Ìyá tó ń ta àkàrà nítòsí Àkàbà Ìdènà bi mí. Ọkọ àǹtí mi bi mí. Onízémì, ìyẹn ọlọ́kadà, tó gbé mi láti ibi tí táásì já wa sí bi mí kó tó gba owó rẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi ń dá wọn lóhùn, torí èmi alára ò mọ ohun tó kù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ǹ bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kan jókòó sọ fún mi nígbà náà ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí, fún ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún mẹ́ta lísáǹsì ní yunifásítì, tí kírẹ́dì 180 rẹ pé, tó sì jókòó sílé. Mi ò ní yan ọ̀nà fún ọ. Bí wàá ṣe yàn án ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la.

Kó ìwé rẹ jọ ná

Má tíì ro ohunkóhun. Lọ gba ìwé rẹ, kó o sì gbà á nígbà tí o ṣì ní yàrá ní Kalaví, torí bí o bá ti kó padà wálé, àlọ àti àbọ̀ kan ṣoṣo á jẹ odidi ọjọ́ kan mọ́ ọ lọ́wọ́, akọ̀wé sì lè ní kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gba attestation, ìwé tó jẹ́rìí pé o yege, kí o sì gba relevé, ìyẹn ìwé máàkì, ti sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ti ọdún kẹta nìkan kò tó. Bó bá jẹ́ yunifásítì aládàáni lo lọ, rí i dájú pé ìwé ẹ̀rí rẹ jẹ́ èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, kó má di pé ẹlòmíràn ló máa sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o bá gbé e lọ síwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, tẹ́ gbogbo wọn sórí ẹní: ìwé ìbí tí o gbà lọ́dọ̀ ANIP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ìdánimọ̀, ìwé báákì tí o fi jáde girama, attestation. Ka orúkọ rẹ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwa Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí etí Faransé ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé fi gbọ́ orúkọ wa kí wọ́n tó kọ ọ́. Adéṣínà kan náà lè jẹ́ Adéchina nínú ìwé ìbí, kó sì di Adessina nínú ìwé báákì. Lójú rẹ, ìwọ kan náà ni. Lójú ẹni tó ń gba dossier, ìyẹn àkójọ ìwé rẹ, èèyàn méjì ni. Ọjọ́ tí o bá rí irú rẹ̀ ni kí o bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, nítorí kì í tètè parí, concours, ìdánwò tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ ìjọba, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Casier judiciaire, ìwé tó fi hàn bóyá ilé ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi rí, nìkan ni kí o má tíì wá. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Orí service-public.bj lo ti lè béèrè fún un nígbà tó bá yá.

Ka oṣù kí o tó ka ọ̀nà

Ra ìwé kékeré kan. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, kọ iye tí o ń ná lóṣù kan, ì báà jẹ́ ìwọ lò ń san án tàbí ẹlòmíràn. Tèmi rèé bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn: yàrá ní Kalaví, 15,000 fránkì, oúnjẹ, bí mo bá ń jẹ 1,000 lóòjọ́, 30,000, zémì, íntánẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ àti fọ́tòkọ́pì, 10,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 55,000. Ọdún méjì ni másítà, ìyẹn oṣù 24. Fi 55,000 lọ́nà 24, ó di 1,320,000 fránkì, a ò tíì dárúkọ owó ilé ìwé.

Wá fi wé èyí: láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin ilẹ̀ wa gbà láyè jẹ́ 52,000. Ẹni tó bá ń gbé Kalaví bí mo ṣe gbé e ń ná ju owó oṣù yẹn lọ, kò sì mú fránkì kan wọlé.

Ojú ewé kejì: ta ló ń san án? Kọ orúkọ sí i. Má kọ "ìdílé". Ìdílé kì í sanwó, èèyàn ló ń san án. Nígbà tí mo kọ tèmi, orúkọ ìyá mi ló jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo kúkú mọ̀ pé gàrí ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n n kò fi gàrí ṣe ìṣirò rí. Mo lọ bá wọn ní ìsọ̀, mo bi wọ́n pé èrè mélòó ló ń kù lórí àpò kan. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ìgbà tó yá, wọ́n sọ ọ́. Mo fi pín 1,320,000, mo rí iye àpò tí wọ́n máa tà kí n tó parí másítà, mo sì pa ìwé náà dé.

N kò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà ọ́. Òbí tó fẹ́ san án á san án, inú rẹ̀ á sì dùn. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o mọ iye rẹ̀ kí o tó gbà á. Kọ ìkẹta náà sílẹ̀: oṣù mélòó ni ilé lè gbà ọ́ mọ́ra láìjẹ́ pé o mú nǹkan wọlé? Béèrè, má fojú díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n lè ní oṣù mẹ́ta ló wà fún ọ, tàbí mẹ́fà, tàbí kí wọ́n ní kí o máa bá iṣẹ́ oko lọ ní tìrẹ. Ìdáhùn yìí á ti yọ ọ̀nà kan tàbí méjì kúrò kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Jókòó ti ẹni tó wà lórí ọ̀nà náà

Fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó bá kù, wá ẹni tó ti wà lórí rẹ̀ fún bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Má wá ẹni tó ti di ọ̀gá láti ogún ọdún. Ayé tí ó gbà wọlé ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni kí o má bi í bóyá ọ̀nà náà dáa. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ọ pé òun fi ọdún mẹ́ta ṣòfò. Bi í báyìí:

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?
— Láti ọjọ́ tí ẹ parí sí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gba owó, oṣù mélòó ni?
— Ta ló ń bọ́ yín láàárín ìgbà yẹn?
— Àwọn tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ dà?

Ìbéèrè kẹrin ló lérè jù. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ń ṣe másítà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), inú rẹ̀ dùn sí i gan-an, títí mo fi bi í léyìí. Ó ka orúkọ lórí ìka ọwọ́: méjì wà nílé ìwé bíi tirẹ̀, ọ̀kan ń kọ́ ọmọ níwèé, ọ̀kan ti kọjá sí Èkó, àwọn yòókù, kò mọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mi ò tíì kà wọ́n rí."

Àwọn ọ̀nà, bí mo ṣe rí wọn

Másítà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa ń bọ́ sí láìyàn án. Oṣù kẹwàá dé, àwọn ẹgbẹ́ ẹni ń forúkọ sílẹ̀, ojú ń ti ẹni láti jókòó sílé, àwa náà bá forúkọ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ tí o fẹ́ bá ń béèrè rẹ̀, tàbí ìwádìí lo fẹ́ ṣe, lọ ṣe é tọkàntọkàn. Bó bá jẹ́ pé kí wọ́n má bàa bi ọ́ pé ó ku kí ni ni, lẹ́yìn ọdún méjì wọ́n á tún bi ọ́. Má sì rò pé Kalaví nìkan ló wà. Ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò àti físíìsì, ilé ẹ̀kọ́ IMSP wà ní Dangbo lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Eré ìdárayá àti iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ilé ẹ̀kọ́ INJEPS wà ní Àjàṣẹ́. Àwa ọmọ Kétu ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ síbí ní 2013, tó wá di UNA, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ wa ṣe ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ wá yàrá háyà ní Kalaví. Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀ sún mọ́ Parakou ju Kalaví lọ, yunifásítì ibẹ̀ sì ti wà láti 2001.

Concours àti iṣẹ́ tíṣà: ENS tó wà ní Àjàṣẹ́ ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ilé ìwé girama, ìjọba sì ń gba àwọn tí a ń pè ní aspirants láti máa kọ́ni. Bí ìkéde bá jáde, jókòó sí i. Ṣùgbọ́n concours kì í ṣe iṣẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ọ́ ohun tí ò ń ṣe kí o dáhùn pé "mò ń dúró de concours". Wákàtí méjì lálẹ́ fún ìdánwò àtẹ̀yìnwá, dossier tó pé nínú àpò kan, ó tán. Ojúmọ́ rẹ, fi ṣe nǹkan mìíràn.

Stage, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi ṣe stage ní Kùtọnu, ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, láìgba fránkì kan. Lójoojúmọ́, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ń lọ ra ìrẹsì àti ẹ̀wà fún ọ̀gá lọ́sàn-án. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, torí n kò béèrè ohunkóhun lọ́jọ́ tí mo wọlé. Ìwọ béèrè nǹkan mẹ́ta kí o tó gbà: oṣù mélòó ni, èló ni wọ́n máa fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ owó ọkọ̀ lásán, ta gan-an sì ni yóò máa kọ́ mi níṣẹ́. Bí wọn ò bá rí orúkọ ẹnì kan dá fún ìbéèrè kẹta, ọmọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wá. Lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ANPE, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́, pẹ̀lú. Wọ́n ní ètò kan, PSIE, tí wọ́n fi ń mú àwọn tó gboyè wọ ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí o fún òun lówó kí òun lè bá ọ mú un, jìbìtì ló ń lù.

Oko àti òwò kì í ṣe ibi tí ẹni tí ọ̀nà tán fún ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́ nílé. Láti 1985 ni ibùdó Songhaï, tí fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń so ọ̀gbìn, ẹran ọ̀sìn àti ẹja pọ̀ kí ìgbẹ́ èkíní lè di oúnjẹ èkejì. Lọ wò ó fún ọjọ́ kan kí o tó sọ pé oko kò wù ọ́. Tó bá jẹ́ òwò ni, forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ lórí monentreprise.bj nígbà tó bá ti ń mówó wọlé díẹ̀. Má sì gbé gbogbo owó rẹ lé ẹnubodè. Àwọn tó ń kó ọjà gba Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà kò tíì gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa fún ju ọdún kan lọ.

Òkè òkun: ìṣirò ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Yúrò kan jẹ́ 655.957 fránkì, kì í yí padà. Faransé fẹ́ kí o fi hàn pé o ní 615 yúrò lóṣù, ìyẹn bíi 4,840,000 fránkì fún ọdún kan. Jámánì kì í sábà gba owó ilé ìwé ní yunifásítì ìjọba, ṣùgbọ́n 11,904 yúrò ni wọ́n ń fẹ́ kí o fi sí báǹkì ṣáájú láti 2024, ìyẹn ju mílíọ̀nù méje ààbọ̀ lọ. Bí kò bá sí ẹni tó máa fi owó yẹn sílẹ̀, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lo ń wá, kì í ṣe ilé ìwé, ọdún kan gbáko ṣáájú ni kí o sì ti bẹ̀rẹ̀. Campus France ni ọ́fíìsì tí wàá ti béèrè ti Faransé, DAAD ni ti Jámánì. Nàìjíríà sún mọ́ wa ju gbogbo wọn lọ, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ kò jìn, a sì gbọ́ èdè ara wa. Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣòro. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò bá já gaara, kó fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ kí ó tó náwó lé fọ́ọ̀mù.

Fi oṣù kan dán an wò

Mú ọ̀nà méjì tó bá kù lọ́wọ́ rẹ, kí o fi oṣù kan gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ ná ọ ju owó ọkọ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ di tíṣà, kó máa kọ́ ọmọ mẹ́rin ládùúgbò lẹ́yìn ilé ìwé. Mo ṣe ìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo jágbe mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Mo lọ bẹ ìyá rẹ̀, mo sì fa ìlà pa iṣẹ́ tíṣà nínú ìwé mi.

Ìkejì, mo bẹ awọnlẹ̀ kan ní Kétu, àwọn tí a ń pè ní géomètre, pé kí ó jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé òun. Jọ́gíráfì ni mo kà. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 2013 ti jáde, àwọn tó jogún oko ń wá ìwé tí wọ́n lè fi di ilẹ̀ wọn mú, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Lọ́jọ́ kejì, a wà nínú oko ẹ̀gẹ́ kan. Mo gbé ọ̀pá gígùn pupa àti funfun dání, mò ń gbé e láti igun dé igun. Pèrègún mẹ́ta ló yẹ kó fi ààlà hàn, méjì la rí. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò òun ló hú ìkẹta, àbúrò ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ọ̀gá ò dá sí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àdá wú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan gbòǹgbò pèrègún tó ti ń jẹrà. Àwọn méjèèjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ní, "Gbé ọ̀pá wá síbí." Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó rántí pé mi ò tíì jẹun. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gba QGIS, ètò tí wọ́n fi ń ya máàpù, sórí kọ̀ǹpútà mi, ọ̀fẹ́ ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya oko yẹn.

Ohun tí ò ń wò nínú oṣù kan yìí nìyẹn: ṣé o gbàgbé oúnjẹ, àbí aago lò ń wò?

Bí wàá ṣe sọ ọ́ nílé

Má dá lọ. Wá ẹnì kan tí bàbá rẹ ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, àbúrò bàbá tàbí àǹtí àgbà, kí o kọ́kọ́ sọ fún un. Má lọ lọ́jọ́ ọjà, má lọ nígbà tí ebi ń pa wọ́n. Mú ìwé kékeré náà dání.

Bàbá mi ń gbọ́ rédíò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, àbúrò wọn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní oṣù mẹ́rin."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo sọ fún wọn nípa awọnlẹ̀ náà, àti iye díẹ̀ tó ti ní òun á máa fún mi lọ́jọ́ tí a bá lọ oko.

"Ọdún mẹ́ta lo fi gba lísáǹsì, kí o lè wá máa gbé ọ̀pá kiri?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀pá ni n ó kọ́kọ́ gbé."

Wọ́n yí ohùn rédíò wálẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. "Bó bá wá di oṣù kárùn-ún ńkọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni kí o múra sílẹ̀ dè. Àwọn òbí wa kì í sábà kọ ọ̀nà tí ọmọ yàn. Àìmọ ibi tó máa já sí ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo ṣí ojú ewé kẹta, mo fi hàn wọ́n: iye tí mo ní láti máa mú wọlé lóṣù kan nígbà tí oṣù mẹ́rin bá pé, àti ohun tí n ó ṣe bí kò bá pé bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé n ó forúkọ sílẹ̀ fún PSIE, n ó sì lọ bá ìyá mi lọ́jà láìjanpata.

Kọ ọjọ́ sí i

Èyí kò gùn. Mú ọ̀nà kan, kọ ọjọ́ tí wàá padà wò ó, iye tí ó gbọ́dọ̀ ti mú wọlé tàbí ohun tí o gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, àti ọ̀nà kejì tí wàá bọ́ sí bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Kó wà níwájú ẹnì kan tí kò ní jẹ́ kí o gbàgbé. Bí ọjọ́ náà bá pé, tí o rí i pé ó ku díẹ̀ kó tó tẹ́ ọ lọ́rùn, o lè fi oṣù méjì kún un, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Tèmi, bàbá mi ló gba bíìkì lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ déètì náà. N kò rò pé wọ́n á tún rántí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́rin pé, aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tán tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn mi: "Ìwé yẹn dà?"